Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ohun Tí Fóònù Lè Gbé àti Ohun Tí Kò Lè Gbé

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wo iwájú orí ìyá mi. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a máa ń pe ara wa lórí fídíò, èmi ní Èkó, àwọn ní Òṣogbo. Ẹni tó bá ní òbí tó ti lé ní àádọ́rin ọdún mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀: iwájú orí, etí gèlè, fáànù tó ń yí lókè àjà, àtàǹpàkò tó bo gbogbo rẹ̀ lójijì. "Mo wà dáadáa, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Bí wọ́n ti máa ń wí nìyẹn, mo sì gbà. Lọ́jọ́ kan mo ní iṣẹ́ ní Ìkìrun, mo bá yà nílé láìsọ tẹ́lẹ̀. Inú pálọ̀ ni mo jókòó sí tí wọ́n fi ti yàrá jáde, tí wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n á dúró, wọ́n á tún gbé ìkejì. Orúnkún ọ̀tún ti wú, ó ń dán. Ó ti tó oṣù mẹ́ta.

Mi ò lè sọ pé a kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wa pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹbí lọ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn bí mo ṣe ń padà sí Èkó ni pé: báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má mọ ohun tó ń ṣe é? Bí ẹ bá bi àwọn àgbà, wọ́n á ní fóònù ti ba ayé jẹ́. Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á ní bí kò bá sí fóònù, ta ni ì bá máa gbúròó ta ni? Òótọ́ ni tọ̀tún-tòsì ń sọ, ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà díjú. Mo ti tú u wò díẹ̀, mo sì rí i pé ibi tó ti ń rú wa lójú ni pé ohun tó pọ̀ la fún ní orúkọ kan ṣoṣo. Fóònù tí mo fi ń gbọ́ ohùn ìyá mi yàtọ̀ sí fóònù tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí fóònù tó dojú délẹ̀ lórí tábìlì nígbà tí a bá ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn wá. Yorùbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ránṣẹ́ síra wọn. Kí ìwé kíkà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àrokò wà. Wọ́n á so owó ẹyọ mọ́ okùn, wọ́n á fi rán ọmọ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ẹni náà á sì ka ohun tí wọ́n wí. Ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ, ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹyọ méjì péré tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n kọjú síra wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo fẹ́ fojú kàn ọ́. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ẹ ti mọ èyí. Ẹni tó fi àrokò ẹlẹ́yọ méjì yẹn ránṣẹ́ ò rò pé òun ti bá ọ̀rẹ́ òun ṣeré tán. Ó ń pè é wá ni.

Fóònù alágbèéká náà, iṣẹ́ yìí ló kọ́kọ́ ṣe fún wa. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ mẹ̀kúnnù ní Nàìjíríà. Kó tó dìgbà náà, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà lórílẹ̀-èdè yìí ò tó mílíọ̀nù kan. Náírà 50 ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, bí o bá sì lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n á kà sí ọ lọ́rùn, títí Globacom fi dé lọ́dún 2003 tó ní òun ó máa fi ìṣẹ́jú àáyá ṣírò. Ta ló fẹ́ fi 50 náírà ìgbà náà dápàárá? "Ẹ̀gbọ́n, mo ń bọ̀ lọ́la o, ẹ dúró dè mí." Ó parí. Ẹni tí kò lówó lórí fóònù á kàn fíláàṣì, ìwọ náà á sì ti mọ̀ pé ó ti dé ibi tí ẹ jọ sọ. Bí mo bá ń rò ó báyìí, mo rí i pé ọ̀wọ́n gógó yẹn ló fi fóònù sí àyè rẹ̀: ìránṣẹ́ ni, ó ń là wá lọ́nà ká lè ríra. Ìgbà tí dátà dé ni ìránṣẹ́ di onílé. (Mo mọ̀ pé dátà náà ti tún wọ́n. Ẹ má bínú.)

Ohun tó ń jábọ́ lójú ọ̀nà

Ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo: "O káre." Bí ìyá bá sọ ọ́ fún ọmọ tó gbé ipò kìíní dé, ìyìn ni. Ọmọ kan náà da epo pupa sórí ibùsùn, ìyá kan náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí díẹ̀, ó ní, "O káre." Ọmọ náà á ti máa wá ibi tí yóò gbà sá lọ. Ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ojú àti ohùn ló ya ìyìn kúrò lára ìbáwí. Bó bá wá jẹ́ pé inú àtẹ̀jíṣẹ́ ni "O kare" ti wá, láìsí àmì, láìsí ojú, ẹni tó gbà á á jókòó tì í fún wákàtí kan: ṣé ó ń yìn mí ni, àbí ó ń bú mi? Mo mọ ọkọ àti aya kan tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí "O se" tí ọkọ tẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní ọpẹ́ lòun ń dá.

Ti Yorùbá tún le ju ti ọ̀pọ̀ èdè lọ, torí ohùn ló gbé èdè wa ró, ohùn yìí gan-an la kì í sì í tẹ̀. Àbúrò mi kan wá ọkọ̀ tí yóò rà fún bí ọdún kan. Lálẹ́ ọjọ́ tó rí i, ó kọ ọ́ sórí gúrúùpù ẹbí: "E ba mi dupe, mo ti ri oko." Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn àǹtí ti gbàdúrà pé ilé yóò tura, pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní. Ẹnì kan ti ń béèrè àwọ̀ aṣọ ẹbí. Toyota Corolla ni ọkọ ìyàwó.

Ẹ tún wo ìkíni wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Onídìrí, ojú gbooro o. Kí Yorùbá tó lanu kí èèyàn, ó ní láti kọ́kọ́ wò ó, kó mọ ohun tó ń ṣe, ibi tó ti ń bọ̀, ohun tójú rẹ̀ ti rí. Lórí fóònù, ibi tí a ti ń wò ó ò sí mọ́. Mo rò pé ìdí nìyí tí ohun àkọ́kọ́ tí a ń béèrè lẹ́yìn "hẹ́lòó" fi jẹ́ "Níbo lo wà?" Àwọn kan ń pè é ní àtojúbọ̀. Lójú tèmi, a kàn ń wá ìkíni tó bá a mu ni. Ti ìdọ̀bálẹ̀ ò tilẹ̀ ṣeé sọ. Ọmọ kan kọ ọ́ sí mi láìpẹ́ yìí pé, "Mo dobale gbalaja, sa." Kò purọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló nà gbalaja sí.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ojú ò rí. Àwọn onímọ̀ èdè kan wo bí àwọn èèyàn tó ń sọ èdè 10 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ káàkiri ayé ṣe ń dá ara wọn lóhùn, iṣẹ́ wọn sì jáde lọ́dún 2009. Tí ẹnì kan bá dákẹ́, ẹnìkejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn ò ju bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ ojú lẹ́ẹ̀kan lọ. Kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ti ní láti máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ́ parí: ó ń wo èémí, ó ń wo ojú, ó ń wo ọwọ́. Ó dà bí ìlù àti ijó. Ẹ wá fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa sí àárín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ẹ̀yin méjèèjì á jọ sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ̀yin méjèèjì á jọ dákẹ́. "Ẹ máa sọ ọ́." "Rárá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa sọ ọ́." "Hẹ́lòó? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan, ó ti rẹ̀ yín.

Fídíò ńkọ́? Fídíò dára ju ohùn nìkan lọ, àmọ́ ó ní àbùkù kan tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí. Òkè ojú fóònù ni ihò kámẹ́rà wà, ojú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo ojú rẹ̀, òun á rí i pé ẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá wo kámẹ́rà kí ó lè rí ojú yín, ẹ̀yin ò ní rí tirẹ̀. Kò sí bí ojú mẹ́rin ṣe lè pàdé níbẹ̀. Ẹni tí ò bá wá fẹ́ kí o rí ohun tó ń ṣe òun, bíi tìyá mi, á fi iwájú orí dá ọ lóhùn.

Gbogbo èyí lè dà bí àwàdà, àmọ́ àwọn kan ti dán an wò nínú ara èèyàn. Ní Yunifásítì Wisconsin–Madison ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín nǹkan bí ọdún 7 sí 12 jọ, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àjèjì, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò. Àyà ọmọ wo ni kò ní já? Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ìyá àwọn kan wọlé wá gbá wọn mọ́ra, wọ́n jẹ́ kí àwọn mìíràn gbọ́ ohùn ìyá wọn lórí tẹlifóònù, wọ́n sì fi àwọn ìyókù sílẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2010 fi hàn pé ohùn ìyá lórí tẹlifóònù rọ àwọn ọmọ náà lọ́kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí ìyá wà nítòsí. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tó di ọdún 2012, wọ́n tún un ṣe, àmọ́ wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ kún un. Ìyá kan náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ sì ń kà á. Nígbà tí wọ́n wọn cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde tí àyà bá ń já, ti àwọn tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ ga bákan náà pẹ̀lú ti àwọn tí kò sẹ́ni tó bá wọn sọ ohunkóhun.

Ìdí rèé tí mo fi ní fóònù ò jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ṣọ̀fọ̀ tí ẹ kọ "Ki Olorun tu yin ninu" sí i pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ méjì, ẹ ti ṣe ohun tó yẹ ní ti àwùjọ. Bí ẹ bá pè é, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan pàápàá, ara rẹ̀ á mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí kò ṣeé gbé sílẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ bú ọmọ rẹ̀ pé kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ẹyẹlé. Ní Yunifásítì Harvard, onímọ̀ nípa ìhùwàsí kan tó ń jẹ́ B. F. Skinner, òun pẹ̀lú Charles Ferster, fi ẹyẹlé sínú àpótí tó ní bọ́tìnì kan lára ògiri. Bí ẹyẹlé bá ṣá bọ́tìnì náà, oúnjẹ á bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ ń bọ́ ní gbogbo ìgbà, ẹyẹlé á ṣá a, á jẹ, á yó, á lọ jókòó. Wọ́n wá yí i padà. Oúnjẹ lè bọ́ lẹ́ẹ̀kejì tó ṣá a, ó lè di ẹ̀ẹ̀kẹtàlélógún, ẹyẹlé ò mọ èwo. Ìgbà náà ni ẹyẹlé ò sinmi mọ́. Ó ń ṣá a ṣáá. Wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1957, àwọn tó ń fi tẹ́tẹ́ ṣòwò sì ti mọ àṣírí yìí kí Skinner tó mọ̀ ọ́n: bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bá mọ ìgbà tí yóò jẹ, kò ní jókòó tì í di òru.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí o bá ṣí WhatsApp lo ń bá ìròyìn ayọ̀ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wàá máa ṣí i. Àmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wàá bá "E kaaro" pẹ̀lú àwòrán òdòdó, ẹ̀ẹ̀kan ni wàá bá àdúrà tí wọ́n ní kí o fi ránṣẹ́ sí èèyàn 12 kó tó dọ̀la, ẹ̀ẹ̀kan ni wàá bá "Mo ti san owó yẹn." Nítorí ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni àtàǹpàkò ò ṣe sinmi. Ojúkòkòrò ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀dọ̀ ẹyẹlé la ti kọ́ ọ.

Àwọn tó ń ṣe ètò orí fóònù wọ̀nyí sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìwé ìròyìn ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ìkòkò ọbẹ̀ ní ìdí, eré orí tẹlifíṣọ̀n a máa parí. Ní ọdún 2006, Aza Raskin, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ṣe ètò kan tó mú kí ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa gùn sí i fúnra rẹ̀ bí o bá ti ń fà á sókè, tí kò fi ní ìsàlẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé ó dun òun. Oṣù kejì ọdún 2009 ni Facebook gbé bọ́tìnì Like jáde, tí ó fi di pé fọ́tò ìsìnkú bàbá ẹni náà ní iye tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni WhatsApp gbé àmì aláwọ̀ búlúù méjì dé, èyí tó ń fi hàn pé wọ́n ti ka ohun tí o kọ. Kí èyí tó dé, ẹni tí kò bá tíì fèsì, kò tíì rí i ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ti rí i, ó kàn fojú di mí ni. Ìjà tí àmì kékeré méjì yẹn ti dá sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń fẹ́ra, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ò lè gbọ́ ọ tán.

Ti fóònù tó kàn jókòó sórí tábìlì, àwọn olùwádìí ní Vancouver, ní Kánádà, kó èèyàn tó lé ní 300 lọ sílé oúnjẹ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àti ẹbí wọn. Wọ́n ní kí àwọn kan fi fóònù sórí tábìlì, wọ́n ní kí àwọn mìíràn gbé e pamọ́. Iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2018: àwọn tí fóònù wọn wà lórí tábìlì ò gbádùn ìjókòó náà tó àwọn yòókù, ọkàn wọn ò sì pa pọ̀. N kò ní bù mọ́ ọn o. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé oúnjẹ kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n. Oúnjẹ mélòó lẹ ń bá ìyàwó yín jẹ lọ́dún kan?

Ní tèmi, mo ti rí èyí tó ju ti Vancouver lọ. Ìpàdé ẹbí ni, ọdún Kérésì. Bàbá àgbà kan ń ṣàdúrà, ẹ sì mọ̀ pé "àmín" ní àyè tirẹ̀: gbogbo ilé á dá a pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ àbúrò wọn kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó fi fóònù sáàárín itan, ó ń ṣe àmín láìgbé ojú sókè. Àdúrà parí, wọn ò sọ pé ó parí. Bàbá bọ́ sórí ọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ọdún tó kọjá yìí, olè kó gbogbo ẹran ọ̀sìn mi lọ." Ọmọ náà ní, "Àmín o!" A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ ẹran náà mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun láti ìgbà tí olè ti kó o. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ẹ́ sọ fún wa lọ́jọ́ náà.

Ọmọdé ò mọ ẹlòmíràn ju ojú lọ

Ibi tí mo ti rò pé ó yẹ ká fara balẹ̀ jù nìyí. Lọ́dún 2003, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Patricia Kuhl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, mú àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Wọ́n jẹ́ kí elédè Mandarin ti Ṣáínà máa bá wọn ṣeré, kó máa kàwé fún wọn, nígbà 12. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ náà ń gbọ́ ìyàtọ̀ ìró èdè Mandarin bí ọmọ tí wọ́n ń fi èdè náà tọ́ nílé. Wọ́n tún mú àwọn ọmọ mìíràn, wọ́n fi ẹni kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ìwé kan náà hàn wọ́n, àmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn wọ̀nyí ò mú nǹkan kan níbẹ̀. Òfo.

Mo ń rántí èyí nígbàkúùgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston bá ń sọ pé òun ti ra eré Yorùbá fún àwọn ọmọ òun kí wọ́n lè gbọ́ èdè. Ó ń náwó, ó ń gbìyànjú, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í kọ́ èdè lẹ́nu àpótí. Ẹni tó ń tẹjú mọ́ ọn, tó ń dúró kó fèsì, tó ń rẹ́rìn-ín bó bá ṣì í pè, lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ìpè fídíò pẹ̀lú ìyá àgbà ní Abẹ́òkúta fi sàn ju eré ọgọ́rùn-ún lọ, torí ìyá àgbà á dá a lóhùn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà pàápàá, nígbà tí wọ́n ń sọ lọ́dún 2016 pé kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18 jìnnà sí ohun tó ní ojú tó ń tàn, ìpè fídíò ni wọ́n yọ sọ́tọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ sọ lọ́dún 2019 pé láti ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́.

Ó ku ojú tiwa gan-an. Láti nǹkan bí ọdún 1975 ni Edward Tronick, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe àyẹ̀wò kan tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo abiyamọ mọ̀. Ìyá á máa bá ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ṣeré, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó má ṣe mira, kó má rẹ́rìn-ín, kó kàn máa wo ọmọ náà bí ère. Ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta péré ni. Ọmọ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Á na ọwọ́. Á pariwo díẹ̀. Á tún gbìyànjú lọ́nà mìíràn. Bí kò bá sí èsì, á yí ojú kúrò, á bú sẹ́kún. Nítorí fóònù kọ́ ni Tronick ṣe ṣe é, fóònù alágbèéká ò tíì dé ọwọ́ ará ìlú nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú yín nínú dígí lọ́jọ́ kan tí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èmi ti wò ó. Ère ni.

Gbogbo èyí ò sọ pé ká sọ fóònù sódò. Ẹ bi àwọn adití tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ pé kí ni ìpè fídíò ṣe fún wọn. Ẹ bi ọmọ tó wà ní London, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì jáde, tó wo ìsìnkú ìyá rẹ̀ láti orí àga ní ilé ìdáná, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fóònù sókè fún un fún wákàtí mẹ́ta. Ìránṣẹ́ rere nìyẹn. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹni tó wà nítòsí bá ti di ẹni tí a ń fi sílẹ̀ nítorí ẹni tó jìnnà, tàbí tí ìpè bá ti di àwáwí fún àìlọ.

Mi ò ní òfin kankan láti fún yín. Ohun tí èmi ń ṣe kò ju díẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìbànújẹ́ tàbí ìbínú nínú, mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, mo ń pè ni. Tí a bá fẹ́ jẹun alẹ́, fóònù gbogbo wa ń lọ sórí fíríìjì, tèmi ló máa ń kọ́kọ́ lọ torí àwọn ọmọ ń wò mí. Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, mo ń wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Owó ọkọ̀ ń dùn mí o. Nígbà mìíràn a ò sọ nǹkan gidi kan láàárọ̀ ṣúlẹ̀, a kàn jọ ń ṣa ẹ̀wà.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo yà nílé láti Ìkìrun yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti London. Ìyá wa gbé fóònù bí wọ́n ti máa ń gbé e: iwájú orí, etí gèlè, fáànù. "Mo wà dáadáa, Àdùkẹ́ mi," ni wọ́n wí. Mo na ọwọ́, mo gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, mo dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, mo sún un mọ́ orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Ìyá wa fa ìró bò ó. "Ẹ bi mí pé ṣé mo wà dáadáa," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè orúnkún."